Bí A Ṣe Ń Fi Mọ́tò Iná àti Ọ́ìlì Mú Yàrá Lọ́ Wọ́ọ́rọ́ Nígbà Ọyẹ́

Ẹni tí kò bá tíì sun Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ́jú nígbà ọyẹ́ ló máa bèèrè pé kí ni ará Èkìtì fẹ́ fi ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, òtútù á ti sọ̀ láti orí òkè, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àgbàlagbà á fi aṣọ mẹ́ta bora, ara rẹ̀ á sì tún máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, wọ́n á sì ti fèrèsé pa. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí gan-an. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn sójú oorun kó tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun.

Mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta àti ti ẹ̀rọ gààrí ni mò ń tún wáyà rẹ̀ dì ní Adó. Ìyá àgbà tó bí ìyá mi ló kọ̀ tí kò jáwọ́ nínú ìkòkò èédú. Hítà oníwáyà pupa tí a rà fún un náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní ojú iná yẹn ń wo òun. Mọ́tò 1.5 hp kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbé mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀: mo fi mọ́tò náà ń yí ìlù irin nínú ọ́ìlì, ọ́ìlì náà sì ń gbóná, ó ń mú yàrá lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ fi ọwọ́ ra ọwọ́ kíákíá, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1798, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Count Rumford sọ fún àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ohun tí ó rí ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń lu ihò sínú ìbọn ńlá: híha tí irin ń ha irin mú omi hó láìsí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1840, James Joule fi abẹ̀bẹ̀ po omi nínú àgbá, ó sì wọn iye iṣẹ́ tó ń di ooru. Láti mú kílò omi kan gbóná sí i ní díẹ́gírì kan, bí iṣẹ́ 4,186 joule (ìwọ̀n tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè) ni. Iye náà kì í dín, kì í sì í lé.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wọ̀nyí wá ni pé àwọn kan ń polówó irú ẹ̀rọ báyìí pé ooru tó ń mú jáde ju iná tó ń jẹ lọ. Irọ́ ni. Tí kílówáàtì kan bá wọlé, ooru kílówáàtì kan ló máa jáde, bíi ti hítà oníwáyà gẹ́lẹ́. Eugene Frenette gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ (patent) fún irú ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979, ìlù kan nínú ìlù kejì pẹ̀lú ọ́ìlì láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun kan ń bí ooru ọ̀fẹ́. Tó bá jẹ́ owó iná nìkan ni ẹ ń rò, AC tó lè yí padà kó máa fẹ́ ooru yóò fún yín ní bí ìlọ́po mẹ́ta ooru lórí iná kan náà, torí pé ooru ìta ló ń kó wọlé.

Ta wá ni kó kàn án? Ẹni tí mọ́tò ti wà nílẹ̀ fún, tí kò sì fẹ́ wáyà pupa nítòsí aṣọ àti tìmùtìmù. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì tó ti ń yí fún iṣẹ́ mìíràn náà sì lè jàǹfààní rẹ̀, bí àwọn ará wa tó ní ẹ̀rọ gààrí. Ẹ lè fi bẹ́líìtì kejì sí ẹ́ńjìnnì náà, kí ó máa fẹ́ ooru sí ibi tí wọ́n ń sá ata sí. Èyí gan-an ló wù mí jù, ṣùgbọ́n ti inú ilé ni màá kọ níbí.

Ohun tó ń pinnu iye ooru

Ìlù méjì ni: ti ìta dúró, ti inú ń yí, ọ́ìlì sì wà nínú àlàfo tó wà láàárín wọn. Irin kò gbọdọ̀ kan irin. Ọ́ìlì ni a ń fà ya, òun náà ló sì ń gbóná.

Nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ṣe ki tó ni ooru ṣe ń pọ̀ tó. Bí àlàfo bá ṣe fẹ̀ tó ni ooru ṣe ń dín kù. Bí ara ìlù tí ọ́ìlì bò bá ṣe pọ̀ tó ni ooru ń pọ̀. Ìkẹrin, tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, ni eré: tí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá fi púlì kékeré sórí ìlù nítorí kó lè tètè gbóná á jó mọ́tò rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì.

Ìwọ̀n tí mo lò nìyí. Ìlù inú fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó ga ní 30, àlàfo jẹ́ mìlímítà 3 yíká. Mọ́tò mi ń yí ní bí 1,440 ní ìṣẹ́jú kan, púlì méjèèjì dọ́gba, torí náà ara ìlù ń sáré mítà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ́ìlì hydraulic (irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ tó ń fi ọ́ìlì gbé ẹrù) tí wọ́n kọ 46 sí lára ni mo lò. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé díẹ́gírì 40. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí bí wáàtì 570 ní díẹ́gírì 40. Ohun tí ẹ ó rí lójú iṣẹ́ máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ́ìlì kì í ṣàn gbọọrọ nínú àlàfo bẹ́ẹ̀, ó máa ń po ara rẹ̀ bí ẹni ń ro ọkà.

Ẹ fojú sí èyí: ọ́ìlì tútù ki ju ọ́ìlì gbígbóná lọ fíìfíì. Láti díẹ́gírì 20 sí 60, ọ́ìlì 46 á fúyẹ́ dé bí ìdá mẹ́fà ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé ìdájí, nígbà tí òtútù mú jù, tí a sì nílò ẹ̀rọ jù, ni ẹrù máa ń wúwo jù lórí mọ́tò. Ọ̀nà tí mo gbà yanjú ìyẹn ń bọ̀ nísàlẹ̀. Òun ni màá ní kí ẹ mú tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ fẹ́ mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ.

Kíkàn án

Ẹ lọ bá ẹni tó ní léètì (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè há a dọ́gba), tí kì í ṣe wẹ́dà nìkan. Kí wọ́n ká páànù irin mìlímítà 3 sí róbótó, kí wọ́n jó o pọ̀, kí wọ́n wá gbé e sórí léètì kó lè rí kìrìbìtì. Ìlù ìta á fẹ̀ ní 206 mìlímítà nínú, ìlù inú 200 lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé sílíńdà gáàsì àtijọ́ fún yín. Ó rọrùn lóòótọ́, ó sì ti róbótó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gáàsì tó kù nínú rẹ̀ lè gbiná lójú iná wẹ́dà.

Ẹ jó ìlù inú pa ní orí àti ìdí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Tí omi bá hó pọ́pọ́ níbì kan, ihò wà níbẹ̀. Tí ọ́ìlì bá wọ inú rẹ̀, ìlù náà kò ní dọ́gba mọ́, á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ṣáfùtù rẹ̀ lé orí irin méjì tó mú, kí ẹ fọwọ́ yí i díẹ̀. Apá tó bá ń padà sísàlẹ̀ nígbà gbogbo ló wúwo jù. Ẹ fi jíjó kékeré kún apá kejì títí tí kò fi ní mọ ibi tí yóò dúró sí mọ́.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo kàn, mo gbé e dùbúlẹ̀ ni, ṣáfùtù yọ ní apá ọ̀tún àti òsì, oil seal (rọ́bà tó ń dí ẹnu ṣáfùtù kí ọ́ìlì má jò) méjì sì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ́ìlì ti ń ṣàn sórí kápẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ sí mi. Ní báyìí, mo ń gbé e dúró ni. Kò sí ihò kankan ní ìdí ìlù ìta tí ṣáfùtù ń gbà kọjá. Bíárìn méjì (6205 ni mo lò, nítorí ṣáfùtù mìlímítà 25) wà lókè, sẹ̀ǹtímítà 10 sí ara wọn, lórí ideri, níbi tí ọ́ìlì kì í dé. Ní ìdí, búùṣì ìdẹ kan tí a jó ìjókòó rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìlù ìta ló di ẹnu ṣáfùtù mú kó má baà máa fì, ọ́ìlì náà ló sì ń fún un ní gírísì tirẹ̀. Ibi tí kò sí ihò, ọ́ìlì kò lè jò.

Lórí ideri, ẹ lu ihò kékeré kan kí ẹ sì jó páìpù tó tẹ̀ kọrọdọ sí i. Ọ́ìlì tó gbóná ní díẹ́gírì 50 sí i máa ń wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlù ìta tí ẹ bá dí pa pátápátá kì í ṣe ẹ̀rọ amúlégbóná mọ́, bọ́ǹbù ni.

Mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí páànù oníhínjì, kí ẹ lè fa bẹ́líìtì le. Bẹ́líìtì ni mo yàn dípò kí n so ṣáfùtù méjèèjì pọ̀ tààrà: tí ohun kan bá há, bẹ́líìtì á yọ̀, mọ́tò kò sì ní jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ bo bẹ́líìtì àti púlì pẹ̀lú wáyà onihò. Ìpèlé tàbí etí ìró kì í bọ́ sínú rẹ̀ láìfa ọwọ́ lọ.

Jíjẹ́ kí ooru jáde

Ibí yìí ni àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí ti máa ń kùnà. Wọ́n á kàn án dáadáa, ọ́ìlì á gbóná jù, yàrá á sì tutù síbẹ̀. Ìdí ni pé ara ìlù ìta kéré. Tí ìlù tó ń dán bá gbóná ju yàrá lọ ní díẹ́gírì 50, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ sí i, ooru tó máa jáde kò ju bí wáàtì 135 lọ. Ìyókù á máa pọ̀ sí i nínú ọ́ìlì ni.

Ẹ jó irin pẹlẹbẹ 24 mọ́ ara ìlù ìta ní òòró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, kó sì gùn ní 30. Á dà bí àgbàdo tí a bó èèpo rẹ̀ lára tí ewé ṣì dúró yíká. Ẹ wá fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i ká bí ẹ̀wù, kí fáànù kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín àwọn irin náà lọ sókè. Báyìí, ooru kílówáàtì kan á lè jáde láìjẹ́ pé ìlù gbóná ju bí díẹ́gírì 70 lọ.

Ọ́ìlì, àti agolo ìdarí

Ọ̀gá kan ní ọjà ní kí n lo epo pupa, ó ní Èkìtì kò lè ní epo nílẹ̀ kó máa ra ọ́ìlì. Mo bi í bóyá ó ti rí epo nínú ọyẹ́ rí. Epo á dì bí ògì nínú àlàfo, mọ́tò kò ní lè yí i, àti pé epo jíjẹ máa ń di gọ́ọ̀mù lára irin tó ń gbóná. Ọ́ìlì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀: ìdọ̀tí irin wà nínú rẹ̀, á sì máa rùn sínú ilé. Ọ́ìlì hydraulic tuntun, 32 tàbí 46, lítà méjì, ti tó.

Ọ̀nà tí mo fi ń darí ooru ni agolo irin lítà kan ààbọ̀ tí mo gbé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú ṣéènì. Họ́ọ̀sì ọ́ìlì tó lè gba ooru so ìdí agolo náà mọ́ ìdí ìlù ìta, ihò atẹ́gùn sì wà lórí agolo. Omi inú ohun méjì tí họ́ọ̀sì so pọ̀ máa ń dọ́gba. Tí mo bá sọ agolo kalẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn kúrò nínú àlàfo sínú rẹ̀. Tí mo bá gbé e sókè, ọ́ìlì á gòkè nínú àlàfo, á bo ara ìlù púpọ̀ sí i, ooru á sì pọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ẹ kàn rí i pé bí agolo bá wà nísàlẹ̀ jù lọ, ọ́ìlì bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ṣì kù ní ìdí ìlù kí búùṣì má baà gbẹ.

Báyìí ni ìṣòro ìdájí ṣe yanjú. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agolo nísàlẹ̀, mọ́tò á gbéra láìsí ẹrù, lẹ́yìn náà ni a ó gbé agolo sókè ìwọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná tó sì ń fúyẹ́. Èyí ṣe pàtàkì níbi tí iná wa ti máa ń rẹlẹ̀. Tí fóltéèjì bá já láti 230 sí 170, agbára tí mọ́tò fi ń gbéra á já sí bí ìdajì péré. Mọ́tò tí kò bá lè gbéra á kàn máa hùn, á sì jó wáyà rẹ̀. Irú èyí ló pọ̀ jù nínú àwọn mọ́tò tí wọ́n ń gbé wá bá mi.

Wáyà àti ààbò

Wáyà 2.5, bréékà tirẹ̀ lọ́tọ̀, àti áàtì gidi tó wọlẹ̀. Ẹ má so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí tẹlifíṣọ̀n wà. Lẹ́yìn bréékà ni contactor (ohun tó ń so iná mọ́ mọ́tò, tó sì ń já a) pẹ̀lú overload (èyí tó ń pa mọ́tò tí iná tó ń fà bá pọ̀ jù), tí ẹ ó gbé sí iye áńpíà tí wọ́n kọ sára mọ́tò, kì í ṣe iye tó bá wù yín.

Bọ́tìnì ìṣí àti ìpa ni kí ó máa mú contactor ṣiṣẹ́, ní ọ̀nà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ̀rọ á kú, tí iná bá sì dé, kò ní dìde fúnra rẹ̀. Ní ilé tí mo ti kọ́kọ́ so ó láìsí èyí, iná dé ní aago méjì òru nígbà tí ọ́ìlì ti tutù tí agolo sì wà lókè. Mọ́tò tó bàjẹ́ ni mo fi kọ́gbọ́n.

Lára ìlù ìta, ẹ di thermostat (ohun tó ń ṣí iná tàbí pa á nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n tí a yàn) méjì mọ́ ọn. Èyí àkọ́kọ́ máa ń ṣí fáànù nígbà tí ìlù bá dé díẹ́gírì 45, kì í sì í pa á títí ìlù yóò fi tutù, bí mọ́tò tilẹ̀ ti kú. Èkejì máa pa mọ́tò ní 85, kò sì gbọdọ̀ ṣí padà àfi tí ènìyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ́ìlì hydraulic kì í gbiná ní 85. Ó gbọ́dọ̀ ju 150 lọ dáadáa kó tó di ewu iná. Ṣùgbọ́n tí ìlù bá dé 85, ohun kan ti bàjẹ́, ó sì yẹ kí ènìyàn wá wò ó: fáànù ti kú, tàbí aṣọ ti bo ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Ní ti thermostat inú yàrá, èrò mi yàtọ̀ sí ti àwọn tó máa ń ní kí mọ́tò máa ṣí kó máa pa ní gbogbo òru. Mọ́tò tó ń lo kapásítọ̀ kò fẹ́ràn kí a máa gbé e dìde lemọ́lemọ́. Ẹ wá ìwọ̀ agolo tó bá yàrá mu, kí ẹ̀rọ máa yí láìdúró pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀. Ẹ gbé thermostat yàrá sí 26, kó máa pa á nígbà tó bá ti pọ̀ jù nìkan. Tí ẹ bá ní mọ́tò fésì mẹ́ta, ẹ̀rọ ìdarí eré tó ń gba iná ilé lè yí eré rẹ̀ padà láìsí agolo: tí eré bá já sí ìdajì, ooru á já sí bí ìdá mẹ́rin. Mọ́tò oníkapásítọ̀, ẹ má gbé e sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ fọwọ́ yí ìlù kí ẹ gbọ́ bóyá irin ń ha irin. Ẹ da ọ́ìlì sínú agolo nígbà tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi clamp meter (ohun tó ń wọn áńpíà) sí wáyà kan, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ. Kó yí ní òfìfo fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gbé agolo sókè ìwọ̀ kan, ẹ dúró, ẹ ka áńpíà. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé iye tí wọ́n kọ sára mọ́tò, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ kùn ún ní pupa sára ṣéènì. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, áńpíà á ti lọ sílẹ̀ nítorí pé ọ́ìlì ti gbóná. Ẹ lè gbé e sókè sí i, kí ẹ kùn ún ní funfun. Pupa ni ti ìbẹ̀rẹ̀, funfun ni ti ìgbà tó ti gbóná. Ìyá àgbà mọ̀ ọ́n báyìí ju èmi lọ.

Ibi tí mo gbé e sí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá, pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀. Ooru tí mọ́tò fúnra rẹ̀ ń sọ nù, inú ilé náà ló ń wọ̀. Mo fi ègé táyà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí ariwo. Láìsí táyà, gbogbo ògiri ló ń bá a hùn.

Tó bá ń gbọ̀n lójijì, ọ́ìlì ti wọ inú ìlù tàbí bíárìn ti gbó. Tó bá ń yí tí kò gbóná, ẹ wo bẹ́líìtì kí ẹ tó dá ọ́ìlì lẹ́bi. Ọ́ìlì tó bá ti dúdú, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Mo máa ń tú tèmi ní oṣù kọkànlá, mo sì ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú lítà méjì tuntun nínú búùtù ọkọ̀, torí pé tí mo bá pẹ́ jù, màá bá ìkòkò èédú lẹ́nu ọ̀nà.